Kọ̀ǹpútà Tó Ń Falẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwọn Áàpù Cleaner

Windows ni gbogbo ohun tó wà níbí dá lé, nítorí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ laptop tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà, òun náà ló sì wà lórí èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àti nílé-ìwé. Bí ẹ bá ti mú káàdì báńkì jáde láti ra cleaner, ìyẹn áàpù tó ń ṣèlérí láti nu kọ̀ǹpútà kó lè yára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sápò ná, kí ẹ kàwé yìí dé ìdajì ó kéré tán.

Laptop mi ti ń falẹ̀ jù. Cleaner wo ló dáa jù tí mo lè gbé sórí rẹ̀?

Ẹ má tíì gbé ohunkóhun sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá a dúró. Kò sí cleaner tó lè sọ RAM kékeré (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) di ńlá, kò sì sí èyí tó lè jí hard disk tó ti ń kú lọ.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager ló máa yọ. Bó bá yọ ní kékeré tí kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀. Lábẹ́ Processes, ẹ óò rí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ), Memory (RAM) àti Disk, pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ kàn máa wò ó. Bí ẹ bá tẹ orúkọ Memory tàbí Disk yẹn, áàpù tó ń jẹ ẹ́ jù á bọ́ sókè pátápátá.

Bí Disk bá dúró sí 100% nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó sì tún lè jẹ́ pé Windows ń gbé update wọlé lábẹ́lẹ̀; ẹ jẹ́ kó parí ná. Bí Memory bá ń rìn ní 85% tàbí 90% láti àárọ̀ dalẹ́, RAM ti kéré sí iṣẹ́ tí ẹ ń gbé fún un. Bó bá jẹ́ CPU ló ga, áàpù kan ń ṣiṣẹ́ àṣejù, tàbí ooru ti mú ẹ̀rọ náà, tàbí kòkòrò (virus) ti wọ̀ ọ́. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kéré, tó jẹ́ pé ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò tètè ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ bá wí.

Kí ni cleaner ń ṣe gan-an?

Ó ń pa fáìlì rẹ́. Fáìlì tí áàpù lò tán tó gbàgbé síbẹ̀, cache browser, ohun tó wà nínú Recycle Bin, àloku update. Àwọn kan tún ń bá yín dá àwọn áàpù tó ń jí pẹ̀lú Windows dúró. Iṣẹ́ gidi tó wà nínú rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, ìpolówó ló pọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: àyè àti ìyára kì í ṣe nǹkan kan náà. Bí drive C yín bá ṣì ní 150GB tó ṣófo, tí cleaner wá pa 3GB rẹ́, kò sí ohun tí ojú yín máa rí tó yàtọ̀. Àmọ́ bí drive C bá ti kún débi pé ìlà rẹ̀ ti pupa nínú This PC, pípa nǹkan rẹ́ á ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, torí pé Windows nílò àyè láti gbé update sí, ó sì máa ń fi apá kan disk ṣe àfikún RAM. Èmi kì í fẹ́ kí drive C ní àyè tó dín sí 20GB.

Ti cache browser, ẹ rọra ṣe é. Inú cache ni Chrome ń tọ́jú àwòrán àti àwọn nǹkan mìíràn tó ti gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kó má baà tún wọn gbà. Bí ẹ bá ń pa á rẹ́ lójoojúmọ́, ojú ìwé tí ẹ ti mọ̀ dunjú á tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á falẹ̀ sí i, á sì máa jẹ dátà yín. Ẹni tó ń fi hotspot fóònù ṣiṣẹ́ ló máa sanwó ìmọ́tótó yẹn.

Ṣé Windows ní ohun tó lè fi tún ara rẹ̀ ṣe, láìra nǹkan kan?

Ó ní, ó sì dáa. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà Storage, kí ẹ tẹ Temporary files. Ó máa ka nǹkan fún ìgbà díẹ̀, á wá to orúkọ wọn sílẹ̀, á sì kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Kò ní pa nǹkan kan rẹ́ títí ẹ óò fi tẹ Remove files. Níbí gan-an ni kí ẹ ti farabalẹ̀, kí ẹ máa ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Windows Update Cleanup ni ìyókù àwọn update tó ti wọlé. Ẹ lè pa á rẹ́. Delivery Optimization Files náà, ẹ pa á rẹ́. Thumbnails ni àwòrán kéékèèké tí Windows fi ń ṣàfihàn fọ́tò inú fódà. Kò burú tí ẹ bá pa á rẹ́, àmọ́ Windows á tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, fódà tí fọ́tò pọ̀ nínú rẹ̀ á sì lọ́ra díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Recycle Bin, ẹ wo inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á nù.

Ẹ wá wo Downloads dáadáa. Ó wà nínú àkójọ yẹn, òun ló sì máa ń tóbi jù, ojú á wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni èsì WAEC tí ẹ gbà sílẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ìwé NIN, rìsíìtì owó ilé-ìwé ọmọ, àti gbogbo ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ láti orí WhatsApp Web wà. Ẹ má fi àmì sí Downloads. Ẹ ṣí fódà náà fúnra yín, ẹ tò ó láti orí èyí tó tóbi jù, kí ẹ fọwọ́ ara yín yọ fíìmù àti installer tí ẹ ti lò tán kúrò.

Bí ẹ bá rí Previous Windows installation, Windows yín ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà sí tuntun nìyẹn. Ó lè tó 20GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Windows fúnra rẹ̀ máa ń kó o dànù lẹ́yìn ọjọ́ 10. Bí tuntun náà bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè yọ ọ́ ṣáájú, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Storage Sense wà ní ojú ìwé kan náà. Bí ẹ bá tàn án, á máa ṣe ìmọ́tótó yìí fúnra rẹ̀. Ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹ rí i pé ohun tó kọ sí ọ̀rọ̀ Downloads ni Never.

Bí mo bá tan laptop mi, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó ṣeé lò. Ṣé cleaner lè yanjú ìyẹn?

Task Manager á yanjú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún ṣí i, ẹ lọ sí Startup apps. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń du RAM àti disk mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ máa rí Spotify, Teams, Zoom, Steam, ohun tó ń wá update Adobe, áàpù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ti tà lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ èyí tí ẹ kò nílò ní kùtù hàì, kí ẹ mú Disable. Disable kì í yọ áàpù kúrò; ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ṣí i fúnra yín. Ẹ fi Windows Security sílẹ̀, ẹ sì má fọwọ́ kan èyí tó bá jẹ́ ti ohùn tàbí ti touchpad, bíi Realtek àti Synaptics.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Shut down ti Windows 10 àti 11 kì í pa ẹ̀rọ tán pátápátá bí Fast Startup bá wà ní títàn. Ó ń tọ́jú apá kan Windows sórí disk kó lè tètè jí. Ìdí nìyẹn tí wàhálà àná fi ń bá a dé òní. Restart ló ń nu gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ máa fi Restart kún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ẹ óò rí ìyàtọ̀.

Mo ṣáà fẹ́ cleaner. Èwo ni mo lè fọkàn tán?

Ó yé mi, ẹlòmíràn fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan. Microsoft ní PC Manager, ọ̀fẹ́ ni, inú Microsoft Store ló wà. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣe wà nínú Settings tẹ́lẹ̀, nítorí náà bí kò bá jáde fún yín nínú Store, ẹ má lọ wá a kiri ibòmíràn. BleachBit náà jẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo ayé ló lè yẹ kóòdù rẹ̀ wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú lórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows. Ó ní Preview, tó máa fi ohun tó fẹ́ pa rẹ́ hàn yín kó tó pa á. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yẹn rárá.

Èyí tó wúlò jù lójú tèmi kì í pa nǹkan kan rẹ́ fúnra rẹ̀. WizTree àti WinDirStat máa ya àwòrán disk yín fún yín, fáìlì tó tóbi jù á sì hàn gedegbe. Ìgbà púpọ̀ ni ẹ máa rí i pé fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n dà sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì ló gba àyè, tí ọ̀pọ̀ cleaner kò sì ní fọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìmọ́tótó.

CCleaner lorúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Mo ní láti sọ ìtàn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Piriform ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é, Avast sì rà wọ́n ní oṣù Keje ọdún 2017. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ẹ̀dà 5.33 jáde pẹ̀lú kóòdù burúkú tí àwọn ọ̀daràn tó ti wọlé síbi tí wọ́n ti ń ṣe áàpù náà fi sínú rẹ̀. Àwọn tó gbà á láti ojúlé ilé-iṣẹ́ náà gan-an, tí wọn kò ṣẹ̀ rárá, gbà á mọ́ ti ọ̀daràn. Ó tó mílíọ̀nù 2.27 kọ̀ǹpútà kí àṣírí tó tú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ti tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò ó títí di òní. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé cleaner ní àṣẹ láti dé gbogbo kọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ yín. Ilẹ̀kùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má gbé mẹ́ta sórí ẹ̀rọ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ gba èyíkéyìí, ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fúnra yín. Ẹ má tẹ èyí tí Google kọ Sponsored sí lókè, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ojúlé tó ní bọ́tìnnì Download mẹ́rin lójú kan. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e wọlé, ẹ ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ Next. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ browser mìíràn tàbí antivirus mìíràn wọlé.

Áàpù kan yẹ laptop mi wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ó ní àṣìṣe 1,300, kí n sanwó kó tún un ṣe. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, ẹ má sanwó. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń pọ̀ rèé: ó ka cookie kọ̀ọ̀kan (fáìlì kékeré tí ojúlé ń fi sínú browser) sí àṣìṣe, ó ka ìlà kọ̀ọ̀kan tí áàpù àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú registry, ìwé ètò Windows, sí àṣìṣe. Ó dà bí mẹkáníìkì tó ka eruku ara ọkọ̀ yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó wá kọ ọ́ sínú bíìlì.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2019, Office Depot, ilé ìtajà ohun èlò ọ́fíìsì, gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là, Support.com tó bá a ṣe sọ́fítíwíà náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 10, nítorí ẹ̀sùn tí Federal Trade Commission, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, fi kàn wọ́n. Òṣìṣẹ́ ilé ìtajà á bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin ṣáájú àyẹ̀wò: ṣé ẹ̀rọ yìí ń falẹ̀, ṣé pop-up ń yọ, irú bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi àmì sí ẹyọ kan ṣoṣo, áàpù PC Health Check á ní òun rí àmì kòkòrò, ohun yòówù kí àyẹ̀wò rí. Àwọn kan san tó 300 dọ́là fún àtúnṣe tí ẹ̀rọ wọn lè má nílò. Ní ọdún 2024, Restoro àti Reimage, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ ní Kípírù, gbà láti san mílíọ̀nù 26 dọ́là lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Pop-up tí wọ́n ń lò ni wọ́n ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Windows ló ti wá.

Láti oṣù Kẹta ọdún 2018 ni Microsoft ti pàṣẹ fún Defender, antivirus tó wà nínú Windows, kó máa yọ áàpù tó ń dẹ́rù ba ènìyàn kó lè gbowó.

Ẹ tún mọ èyí: Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sórí ìkìlọ̀ àṣìṣe. Bí ojú ìwé kan bá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, tó ń pariwo, tó ní kí ẹ pe nọ́ńbà kan, ẹ tẹ Esc tàbí Alt àti F4. Bó bá taku, ẹ fi Task Manager pa browser náà. Bí ìyá tàbí bàbá yín ní ilé bá ti pè wọ́n, tí ẹni náà sì ti wọ inú ẹ̀rọ wọn nípasẹ̀ AnyDesk tàbí TeamViewer (áàpù tí ẹlòmíràn fi ń darí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn), ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ pe báńkì, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà. Ẹ má bá wọn jà. Ojú ti ń tì wọ́n tẹ́lẹ̀.

Registry cleaner, RAM booster àti driver updater ńkọ́?

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rárá. Registry ni ibi tí Windows àti áàpù kọ ètò wọn sí. Àwọn ìlà àtijọ́ inú rẹ̀ kéré débi pé yíyọ wọn kì í mú ẹ̀rọ yára, àmọ́ bí wọ́n bá yọ èyí tí kò yẹ, Windows lè kọ̀ láti jí. Microsoft fúnra wọn ò fọwọ́ sí i. RAM booster máa ń lé ohun tó wà nínú RAM lọ sórí disk, nọ́ńbà á dínkù lójú yín, ẹ̀rọ á sì tún máa kà á padà láti orí disk, èyí tó lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Driver ni sọ́fítíwíà kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ṣiṣẹ́; ẹ gbà á láti Windows Update tàbí ojúlé HP, Dell, Lenovo, èyíkéyìí tó bá ṣe ẹ̀rọ yín.

Ṣé kí n máa ṣe defrag?

Defrag ni kíkó àwọn ègé fáìlì tó fọ́n ká sórí hard disk jọ. Windows ń ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó mọ hard disk yàtọ̀ sí SSD (disk tuntun tí kì í yí), ó sì ń ṣe èyí tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá jẹ́ kòkòrò ló ń dà á láàmú?

Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection, Scan options, kí ẹ mú Full scan. Bí ẹ bá ṣì ń fura, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan. Ẹ̀rọ á kú, á tún jí sí ojú mìíràn níbi tí kòkòrò ò ti lè fara pamọ́, iṣẹ́jú 15 ló máa ń gbà. Fún ìpolówó tó ń yọ nínú browser, AdwCleaner ti Malwarebytes dáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Antivirus méjì lórí ẹ̀rọ kan máa ń mú un falẹ̀ gan-an; ọ̀kan tó.

Ọ̀rọ̀ crack, ìyẹn sọ́fítíwíà olówó tí wọ́n fi ọgbọ́n já kí wọ́n má baà sanwó, ń dùn mí. Púpọ̀ nínú laptop tí mo rí tí CPU rẹ̀ ń hó, activator (áàpù tó ń mú Office tàbí Windows ṣiṣẹ́ láìsanwó) ló kó kòkòrò wọ̀ ọ́. Activator tó ní kí ẹ kọ́kọ́ pa Defender kó tó lè ṣiṣẹ́ ti sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣí Word àti Excel, lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti iṣẹ́ ilé-ìwé kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, ó ṣì ń falẹ̀. Kí ló kù?

Ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nínú Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ wo Disk 0. Bó bá kọ HDD, ìyẹn hard disk tó ń yí, ẹ ti rí i. Ẹ kó owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra cleaner jọ, ẹ fi ra SSD. Mi ò mọ ohun mìíràn tó ń yí laptop àtijọ́ padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, bí ààyè bá wà fún un, ẹ sọ ọ́ di 8GB. Òótọ́ ni pé Microsoft kọ 4GB sílẹ̀ pé ó tó fún Windows 11, àmọ́ ìyẹn ni èyí tó kéré jù tó lè jí, Chrome nìkan sì lè jẹ ẹ́ tán.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí disk àtijọ́, ẹ fi CrystalDiskInfo, áàpù tó ń sọ ìlera disk, yẹ̀ ẹ́ wò. Good dára. Bó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín sórí disk mìíràn lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé cleaner sórí irú disk bẹ́ẹ̀.

Ooru náà ńkọ́? Eruku ọyẹ́ máa ń dí fáànù inú laptop, bí ooru bá sì ti pọ̀ jù, CPU á dín eré rẹ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ inú rẹ̀. Ẹ tún wo ṣájà: bí Dell kò bá dá ṣájà mọ̀, ó lè mọ̀ọ́mọ̀ máa rìn pẹ̀lẹ́, èyí sì wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀ tí wọ́n tà pẹ̀lú ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Windows 10 ni mò ń lò. Ṣé ó ṣì yẹ kí n máa tún un ṣe?

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Cleaner kò lè rọ́pò update ààbò. Bí ẹ̀rọ yín bá lè gba Windows 11, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Bí kò bá lè gbà á, Linux Mint máa ń rìn dáadáa lórí ẹ̀rọ àtijọ́.

Mo ti ra cleaner kan lọ́dún tó kọjá. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wọ inú áàpù náà tàbí ojúlé wọn, kí ẹ dá auto-renewal (owó tí wọ́n ń yọ fúnra wọn nígbà tí àsìkò bá pé) dúró, torí yíyọ áàpù kúrò kì í dá owó dúró. Lẹ́yìn náà, Settings, Apps, Installed apps, ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, Uninstall. Bó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má lọ, tó ní òun á dín iye rẹ̀ kù, ẹ máa tẹ̀ síwájú. Ẹ ṣe Restart, ẹ wo Startup apps bóyá ó fi nǹkan sílẹ̀, ẹ sì wo Extensions inú Chrome pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tún yọ owó lórí káàdì yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ẹ̀rí pé ẹ ti fagi lé e lọ bá báńkì yín, kí ẹ ní kí wọ́n dí sísan owó náà.